Aṣọ Funfun Tí Ọmọ Mi Bá Ọmọ Ẹlòmíràn Wọ̀

Ọdún tí ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo sọ ọ́ di ère tí àwọn aránṣọ máa ń gbé aṣọ kọ́. Ó wù mí kí n sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà náà. Mo mọ̀. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa ni, mi ò sì fẹ́ kí ohunkóhun dá a dúró.

Blanchardstown là ń gbé, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Dublin, nínú ilé oníyàrá méjì kan tí a háyà láàárín àwọn ilé tó jọra débi pé àwọn ọmọdé máa ń ṣèèṣì wọ ilé onílé. Owó wà ní Ireland nígbà yẹn. Ibi tí màlúù ti ń jẹko lọ́dún tó kọjá ti di òpópónà tuntun lọ́dún yìí, àwọn tí wọ́n dàgbà sínú ilé ìjọba sì ń fò lọ sí Sípéènì lọ ra ilé kejì. Ọkọ mi ń ṣe sikiọ́ríìtì ní ilé ìtajà ńlá kan. Tó bá ṣiṣẹ́ alẹ́, á sùn di ọ̀sán. Tó bá ṣiṣẹ́ àárọ̀, á gba ibẹ̀ lọ sí kíláàsì kọ̀ǹpútà. Èmi ni mò ń mú ọmọ lọ síléèwé, èmi ni mò ń mú un bọ̀, èmi ni mò ń dáná, èmi ni mo sì ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méjì. Dublin la bí ìyẹn sí, lẹ́yìn tí a dé tí a sì béèrè ààbò lọ́wọ́ ìjọba. Òun ló jẹ́ ká rí ìwé ìgbélùú gbà, torí pé ilẹ̀ wọn la bí i sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la gbé wá láti Ìbàdàn lọ́wọ́.

Ìbàdàn náà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Aṣọ ìyàwó ni ọ̀gá mi ń rán, ọdún mẹ́rin ni mo sì fi jókòó tì í. Ó ní rúlà onígi kan tó fi ń gbá wa lórí ìka tí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ wa bá wọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára lééṣì láì jẹ́ kí okùn rẹ̀ hàn lódìkejì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé sátíìnì kó má fọ́n lẹ́nu. Nígbà tí mo dé Dublin, ọdún méjì ni mo fi jókòó láì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ kankan àfi èyí tí mo fi ń lẹ bọ́tìnnì ọkọ mi.

Ẹnu géètì iléèwé ni iṣẹ́ ti wá bá mi. Ọmọ mi wọ kaba kan tí mo rán fún un fún ọdún Iléyá, obìnrin kan sì dá mi dúró, ó bi mí pé níbo ni mo ti rà á. Mo ní èmi ni mo rán an. Ó ní ṣé mo lè rán ti kọmúníọ̀nù.

Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni wá. Ṣùgbọ́n iléèwé àwọn Kátólíìkì ló wà nítòsí wa, ibẹ̀ ni ọmọ mi ń lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti wá mọ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló máa gba kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́ lóṣù Karùn-ún. Wọ́n á wọ aṣọ funfun, ìbòrí funfun, ìbọ̀wọ́ funfun, adé kékeré lórí. Ọkọ̀ gígùn bíi tìyàwó á wá gbé wọn láti ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá wọn á háyà ilé rọ́bà ńlá tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí àwọn ọmọdé ń fò lórí ẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́yìnkùlé. Mo tiẹ̀ rí àwọn tí wọ́n fín ọ̀dà sí lára kí àwọ̀ wọn lè pọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti etíkun dé, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo wo fọ́tò aṣọ tí obìnrin yẹn fi hàn mí, mo rí i pé aṣọ ìyàwó kékeré ni. Mo ní mo lè rán an.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, aṣọ méje ló wà lọ́wọ́ mi. Pálọ̀ wa di ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n sí yàrá, mo gbé maṣíìnì sí ipò rẹ̀, mo so okùn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, àwọn aṣọ funfun sì ń rọ̀ lórí wa nígbà tí a bá ń jẹun. Mi ò jẹ́ kí wọ́n jẹ ọbẹ̀ elépo mọ́. Ìrẹsì funfun àti ẹyin ni wọ́n ń jẹ. Ọmọ kékeré yẹn, inú kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń tì í kiri ni mo ń dè é mọ́ ní gbogbo ọ̀sán, torí pé ó ń ṣa pínnì jẹ. Tó bá ké títí, á sùn. Mo rò pé ìyẹn náà ti tó.

Ọjọ́ kan, a lọ gba aṣọ kan tí mo fi síbi tí wọ́n ti ń fi maṣíìnì ńlá ṣẹ́ etí aṣọ ní ìgboro. Òjò ń rọ̀. Mo gbé ọmọkùnrin mi kúrò nínú kẹ̀kẹ́, mo tẹ́ aṣọ síbẹ̀, mo fi ọ̀rá bò ó, mo sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n ọ́n. Láti ibùdókọ̀ títí dé ilé, ọmọ ọdún mẹ́jọ pọn àbúrò rẹ̀, aṣọ gun kẹ̀kẹ́. Ìyá àgbà aláwọ̀ funfun kan dúró lọ́nà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yọjú wo ọmọ jòjòló tó rò pé ó sùn sábẹ́ ọ̀rá. Nígbà tó rí lééṣì, ó gbójú sókè wo ọmọ mi tí omi ń kán ní irun rẹ̀. Mo kí i, mo sì ti kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Nínú àwọn oníbàárà mi ọdún yẹn, ọ̀kan wà tó ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ. Ọkọ rẹ̀ ń gbé kíṣìnì sínú àwọn ilé tuntun. Jíìpù ńlá ni obìnrin náà fúnra rẹ̀ ń wà, gbogbo ìyá tó wà lẹ́nu géètì ló sì ń wo ẹnu rẹ̀. Mo mọ̀ pé tí aṣọ ọmọ rẹ̀ bá dára, iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ti délé. Kíláàsì kan náà ni ọmọ rẹ̀ àti ọmọ mi wà. Ọmọ náà kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi pínnì mú ejìká aṣọ lára rẹ̀, igbe tó ké, ọkọ mi jí lókè.

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. Ó wo ọmọ mi tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. “Your one's the same size, isn't she?” ló sọ fún mi. Ó ní kí ló dé tí mi ò fi máa wọ̀ ọ́ wò lára tèmi.

Mo ní ìmọ̀ràn tó dára ni.

Láti ọjọ́ náà, tí ọmọ mi bá ti iléèwé dé, á jẹun, á nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, á sì gun àpótí kíṣìnì. Wákàtí kan, nígbà mìíràn wákàtí méjì. Mo ṣòfin fún un. Má mí kanlẹ̀. Má họ ara. Na ọwọ́ méjèèjì. Má wo ilẹ̀, ọrùn aṣọ á ṣẹ́ po. Nígbà tí mo ti rí i bó ṣe rọrùn tó, gbogbo aṣọ méjèèje ni mo ń wọ̀ wò lára rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ú lọ, mo máa ń ki aṣọ ìnura sí i láyà. Èyí tó kéré, mo máa ń ní kó fa ikùn rẹ̀ wọlé.

“It's sticking me, Mammy,” á wí.

“Dúró.”

“It's really sticking me.”

“Kì í ṣe ìwọ lo ni ín, kò lè bá ẹ lára mu. Dúró jẹ́ẹ́.”

Rúlà onígi wà lọ́wọ́ èmi náà nígbà yẹn. Ibi iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn, ni mo máa ń gbá, torí ibẹ̀ ò ní kan aṣọ.

Ọkọ mi kò rí nǹkan kan sọ sí i títí di ìgbà tó gbọ́ pé ọmọ náà kò lọ sí ilé kéú ní ọjọ́ Sátidé méjì léra. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀.

“Àáfà bi mí pé níbo lọmọ wà,” ló wí. “Kí ni kí n sọ fún wọn?”

“Ẹ sọ pé ara rẹ̀ ò yá.”

“O fẹ́ kí n parọ́ nínú mọ́ṣáláṣí.”

“Ẹ sọ òótọ́ nígbà náà. Ẹ sọ fún wọn pé ìyá rẹ̀ ń wá owó ilé tí ẹ̀yin ò lè dá san.”

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ síṣẹ́. Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ọmọ wa wà lórí àpótí nígbà tí a ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síta.

Ọ̀sán kan ló bi mí bóyá òun náà lè ní ọ̀kan. Mo ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí àyà aṣọ ọmọ oníjíìpù lọ́wọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, òun ló sì wọ̀ ọ́. Mo ní a kì í ṣe Kátólíìkì. Ó ní òun ò fẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ yẹn nìkan ni. Ní kíláàsì, tí àwọn yòókù bá ń kọ́ àdúrà kọmúníọ̀nù, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi òun àti ọmọ Líbíà kan sí, pẹ̀lú páálí kírèyọ́nù. Ó ní tí òun bá kàn lè ní aṣọ náà nílé, òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Okùn ìlẹ̀kẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo yọ ọ́. Mo ní, “Aṣọ funfun yìí? Lára ẹ? Bí eṣinṣin inú mílíìkì lo máa rí.”

Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú bọ́ọ̀sì rí, láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n rò pé mi ò gbọ́ èdè wọn dáadáa. Mi ò mọ̀ pé mo gbé e pa mọ́ láti lò ó. Ọmọ náà kò sunkún. Ó na ọwọ́ rẹ̀ padà bí mo ṣe kọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ kọmúníọ̀nù, àyà ọmọkùnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ kan. Ọkọ mi ń sùn lókè. Mo sọ fún ọmọ mi obìnrin pé kó jókòó ka ìwé rẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Aṣọ náà ti parí. Ó wà lára ilẹ̀kùn pálọ̀, nínú ọ̀rá rẹ̀.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo rí nǹkan funfun lórí pápá kékeré tó wà láàárín àwọn ilé wa. Òun ni. Ó wọ aṣọ, ó wọ ìbòrí, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ọmọbìnrin méjì tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n gbé etí ìbòrí náà lọ́wọ́. Ọmọ kẹta dúró níwájú rẹ̀, ó fi táwẹ̀lì kọ́ ọrùn bíi fáàdà, ó ń mú ànàmọ́ díndín pẹlẹbẹ látinú ọ̀rá, ó ń fi í lé e lórí ahọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi di ojú rẹ̀. Ó pa ọwọ́ pọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ sì ti gba ìṣẹ́tí aṣọ náà dé orúnkún.

Mo dúró wò ó díẹ̀. Ó rẹwà. Ó yẹ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ tó wọ aṣọ tí mo rán lọ́dún yẹn, kò sí èyí tí aṣọ bá lára mu tó bẹ́ẹ̀, torí pé ara rẹ̀ ni mo fi gé gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹni tó ń ṣe fáàdà. Ọmọ oníjíìpù ni. Ìyá rẹ̀ ti gbé e sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ pé kó lọ ṣeré.

Mi ò pariwo. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo mú un wọlé.

Kó tó di pé mo dáná alẹ́, jíìpù ti dúró níwájú ilé. Obìnrin náà wọlé, ó fi ìka méjì gbé etí aṣọ náà sókè, ó tún jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Inú bíbí kò sí lójú rẹ̀ rárá.

“No offence, love,” ló wí, ó ní òun ò lè wọ ìyẹn fún ọmọ òun mọ́.

Mo ní màá fọ̀ ọ́. Mo ní ẹrẹ̀ lásán ni, á lọ.

“It's not the muck,” ló wí.

Ó yé mi. Ó yé mi dáadáa, ó sì yé òun náà pé ó yé mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ mi ti ń wọ aṣọ yẹn lójoojúmọ́, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì dá a lábàá. Ṣùgbọ́n nínú ilé mi nìyẹn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò rí i. Mo ní ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tí mo sọ ni pé kó máà bínú, màá rán òmíràn kí ọjọ́ náà tó pé. Mo tẹríba fún un títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tí ìbínú mi tọ́ sí ti wọ jíìpù rẹ̀ lọ. Ẹni tí ọwọ́ mi lè tó ni mo bínú sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ náà, mo sọ fún ọmọ mi pé òun ni kó wọ̀ lọ síléèwé. Ohun tí ó ṣòro fún mi jù láti kọ nìyí: inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé mo ti dárí jì í. “Really, Mammy?” ló wí, ó sì gbé ọwọ́ sókè kí n lè bọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, ó ń dún bíi bébà. Mo fi pínnì so ìbòrí tó ti ya mọ́ irun rẹ̀. A rìn jáde, mo ń ti kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ gbé etí aṣọ kó má baà wọ́lẹ̀.

Ìgbà tí a dé kọ́nà iléèwé tí ó rí àwọn yòókù nínú súwẹ́tà aláwọ̀ búlúù wọn ni ó yé e. Ó dúró. Mo tì í síwájú. Ọmọ kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà púpọ̀ nínú wọn. Jíìpù wà lódìkejì títì, obìnrin náà wà nínú rẹ̀, ó ti yí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ wálẹ̀. Mo rí i pé ó ń wò. Mo fẹ́ kó wò. Mo fẹ́ kó rí bí mo ṣe lè fìyà jẹ ọmọ mi tó nítorí tirẹ̀, kó lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Tíṣà rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, sáré jáde. Ó bọ́ kádígánì ara rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà, ó sì bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Mo ní, “She wanted it. I gave it to her.”

Wọ́n pe ọkọ mi láti iléèwé. Nígbà tó délé, kò bi mí nípa ọmọ náà.

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ ni?” ló wí. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé wa wò? Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o mọ ibi tí a wà?”

Wọ́n ránṣẹ́ pè wá lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá iléèwé, obìnrin àgbà kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bi mí bóyá mo rí ohun tó burú nínú ohun tí mo ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń tọ́ ọmọ nílùú wa. Ó mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ìyá mi kò dójú tì mí rí láàárín ènìyàn, títí mo fi kúrò nílé. Mo fi gbogbo ìlú mi bo ara mi mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọkọ mi sì jókòó tì mí, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Aṣọ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a délé. Mi ò pe ọmọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí wá láti kíṣìnì, ó gùn ún, ó sì na ọwọ́. Fún odidi ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sọ pé nǹkan kan gún òun. Ọ̀sán kan, mo fa ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà ṣinṣin, mo sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ yọ lára sátíìnì, ó tó bí orí ìṣáná. Pínnì ti wọ̀ ọ́ lára, kò tiẹ̀ yẹ̀. Ó ń wo ògiri.

Ọ̀gá mi kọ́ wa ní Ìbàdàn pé tí ẹ̀jẹ̀ bá kan aṣọ funfun, itọ́ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà ló ń mú un kúrò. Mo ká aṣọ náà sókè dé ẹnu rẹ̀.

“Tutọ́ sí i,” mo wí.

Ó tutọ́. Mo fi àtàǹpàkò ra á títí ó fi mọ́. Mi ò wo ibi tí pínnì ti gún un.

Ọjọ́ tó ṣáájú kọmúníọ̀nù, ọmọ oníjíìpù wá wọ tirẹ̀ wò fún ìgbà ìkẹyìn. Kò ké. Ìyá rẹ̀ mú kéèkì wá nínú páálí. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti kẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin mi lọ sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì láti lọ wo iṣẹ́ mi nínú oòrùn. Àwọn ìyá mẹ́ta gba nọ́ńbà mi níbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, mo ń ránṣọ fún àwọn ará Ballymun, ní ìhà àríwá Dublin, níbi tí wọ́n ti ń wó àwọn ilé gogoro, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sílé tuntun. Mo ra ère aṣọ gidi, onírọ́bà, tó ga bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ mi ti iléèwé dé, ó rí i láàárín pálọ̀. “It has no head,” ló wí, ó sì gòkè lọ.

Kò gun àpótí mọ́. Ó padà sí ilé kéú. Gbogbo nǹkan wá rí bó ṣe yẹ kó rí, àfi pé kò dá mi lóhùn ní Yorùbá mọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń da èdè méjèèjì pọ̀, á ní “Mammy, ebi ń pa mí, like.” Ìyẹn tán. Tí mo bá ní “Ṣé o ti jẹun?”, á ní “Grand,” bí àwọn ará Ireland ṣe ń sọ pé kò sí wàhálà. Tí mo bá ní “Báwo ni iléèwé?”, “Grand.” Àwọn ènìyàn sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ tó dàgbà níbí ṣe rí, èmi náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà kú lọ́dún tí owó gbẹ ní Ireland. Àwọn ilé tuntun dúró láìní fèrèsé, àwọn ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ kọmúníọ̀nù ní ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ra ọṣẹ àti ẹran. Mo ta maṣíìnì ńlá. Mo lọ ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ mi kàwé, ó sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Grange Castle. Ó ní mọ́tò, ó ní ilé tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi nílé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lójú, òun ló sì wá gbé mi nílé ìwòsàn. Orí M50, títì ńlá tó yí Dublin ká, la wà, ọ̀sán gangan, ojú mi kan wà nínú báńdéèjì. Bóyá torí pé mi ò rí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ yẹn ni mo ṣe lè sọ̀rọ̀. Mo ní mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Mo ní ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ni, ọjọ́ tí mo mú un wọ̀ ọ́ lọ síléèwé, àti ọ̀rọ̀ eṣinṣin tí mo sọ sí i.

Ó ní òun rántí ti iléèwé díẹ̀. Ó rántí kádígánì tíṣà, pé ó ń rùn bíi kọfí. Ọ̀rọ̀ eṣinṣin, kò rántí rárá.

Ó ní ohun tí òun rántí ni ọjọ́ tí ọmọ oníjíìpù wá wọ aṣọ náà wò fún ìgbà ìkẹyìn. “You got down on your knees,” ló wí. Ó ní mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà. Mo ki ọwọ́ mi bọ ẹ̀yìn aṣọ, sáàárín lééṣì àti ara rẹ̀, kó má baà họ ọ́, mo wá bi í pé, ṣé kò gún ẹ, ọ̀wọ́n mi, sọ fún mi tó bá gún ẹ. Ó ní orí àtẹ̀gùn ni òun jókòó sí, òun ń wò wá láàárín igi rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, òun ti rò pé bí aṣọ ṣe máa ń rí nìyẹn, pé gbogbo ènìyàn ló ń gún.

Mi ò rántí. Mo ti wá a nínú orí mi láti ọjọ́ náà, mi ò rí i. Ohun tí aránṣọ ń ṣe fún oníbàárà ni; mo ti ṣe é fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Oníbàárà ni.”

Ó ní, “I know, Mammy.” Ó tẹ iná ọkọ̀, ó sì yà kúrò lórí M50. Nígbà tí a délé, ó gbé báàgì mi wọlé, ó to oògùn mi sórí tábìlì, ó kọ àkókò tí màá kán ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú sórí bébà pẹ̀lú lẹ́tà ńlá kí n lè rí i kà. Lẹ́yìn náà ló lọ.

Ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ojú mi la máa ń sọ.